Pákó Ìdí Ọkọ̀ Súbérù

Ní àárọ̀ Àlàmísì kan, Súbérù jí nílé rẹ̀ ní Sakété, ó kírun àsùbáà, ó dáná, ó po ògì, ó sì bù ú sínú abọ́ méjì. Ìgbà tó gbé abọ́ kejì kalẹ̀ ló tó rántí pé kò sẹ́ni tí yóò mu ún. Ọdún kejì ń pé lọ tí Ṣàkírátù ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọwọ́ rẹ̀ kò sì tíì kọ́ bí wọ́n ṣe ń bu oúnjẹ ẹnì kan. Lọ́jọ́ mìíràn, inú rẹ̀ a bàjẹ́, a da ògì náà padà sínú ìkòkò. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí, ẹ̀rín ló rín. Ó sọ fún ilé tó ṣófo pé, "Tó bá dọ̀la, abọ́ yìí yóò rí ẹni mu ún."

Ìdí ẹ̀rín náà ni pé ọjọ́ yẹn ló fẹ́ fi ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ lọ gbé ọmọ rẹ̀ wálé. Ràúdátù lọmọ ọ̀hún, òun nìkan ni Ọlọ́run fi ta Súbérù lọ́rẹ. Ó wà nílé ọkọ lódìkejì odò Wémè, níbi tí Ṣùáíbù ọkọ rẹ̀ ti ń ta iyọ̀ àti aṣọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ìyá rẹ̀ ni kò tíì fẹsẹ̀ tẹ Sakété mọ́. Kì í kúkú ṣe pé ó kọ bàbá rẹ̀ sílẹ̀. Oyún ló kọ́kọ́ dá a dúró, lẹ́yìn náà ọmọ, lẹ́yìn náà omi. Nígbà òjò, tí Wémè bá kún, gbogbo pẹ̀tẹ́lẹ̀ a di omi lọ salalu, ọkọ̀ àjẹ̀ a sì máa rìn láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ kó tó gúnlẹ̀. Súbérù fúnra rẹ̀ ńkọ́? Láti ọjọ́ tí Ṣàkírátù ti kú, kò wọ ọkọ̀ mọ́. Ó fi àgbò ìsọmọlórúkọ ránṣẹ́, òun alára jókòó sílé. Àdìó, ọmọ-ọmọ rẹ̀, ti pé oṣù méje, Súbérù kò tíì fojú kàn án. Ìdáwà a máa sọ àgbà di alágídí, ẹni tó bá ti dá gbé rí mọ ohun tí mò ń wí.

Nígbà tí àdúà ọdún kejì Ṣàkírátù ku oṣù méjì, Ràúdátù ránṣẹ́ sí i nípasẹ̀ ẹlẹ́ja kan: "Ẹ bá mi sọ fún bàbá mi pé n kò lè gbé ọmọ ọwọ́ sínú oòrùn láti àárọ̀ dalẹ́. Bí wọ́n bá lè tún ọkọ̀ wọn ṣe, kó máa yára, kó sì ní ìbòòji, gbogbo wa la máa wá ṣe àdúà ìyá mi." Ọ̀rọ̀ yẹn ta Súbérù jí. Lọ́jọ́ kejì gan-an ló wọ ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí èbúté láti lọ wo ọkọ̀ tó ti pa tì.

Ọkọ̀ onípákó kékeré ni, kò ju mítà mẹ́fà lọ. Òyìnbó kan tó ń ri òpó tẹlifóònù ló tà á fún un nígbà tó ń palẹ̀ mọ́ lọ sílùú rẹ̀, kí Dahomey tó gba òmìnira. Òmìnira ti wá pé ọdún mẹ́ta báyìí, ọkọ̀ náà sì ti darúgbó. Òun ni Súbérù àti Ṣàkírátù fi ń kó gàrí Sakété sọdá lọ tà, tí wọ́n sì fi ń kó ẹja gbígbẹ bọ̀. Àwọn obìnrin alájàpá tí wọ́n jọ ń ná ọjà nígbà yẹn ní àṣà kan. Nítorí pé wọn kò mọ̀wé, bí wọ́n bá fẹ́ kó àpò gàrí sínú ọkọ̀ akẹ́rù, kálukú a ti ọwọ́ bọ inú aró tàbí ọ̀dà, a tẹ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mọ́ àpò tirẹ̀ kí ẹrù má baà dàrú. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ dé ọwọ́ wọn, Ṣàkírátù ti ọwọ́ òsì bọ ọ̀dà pupa, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó ìdí ọkọ̀ nínú lọ́hùn-ún, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Èyí náà ti di ẹrù mi," ló wí. Pákó ìdí yìí, ẹ jọ̀wọ́, ni wọ́n ń gbé ẹ̀rọ kọ́ sí lẹ́yìn. Gbogbo agbára tó ń ti ọkọ̀ lọ, ara rẹ̀ ló ń gbà kọjá.

Súbérù ra ẹ̀rọ tuntun ní Àjàṣẹ́. Ó ra aṣọ òrùlé tó nípọn, ó ra ọ̀dà aláwọ̀ ojú ọ̀run àti funfun. Lẹ́yìn náà ló wá ránṣẹ́ sí Fáṣínà, gbẹ́nàgbẹ́nà ará Pobè, tó kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ kíkàn létí ọ̀sà nígbà èwe rẹ̀. Àgbà ni Fáṣínà, kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó dé, ó gbé àpò irinṣẹ́ kalẹ̀, kò sì mú ayùn. Ọwọ́ òòlù ló fi ń kan pákó lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń tẹ́tí. Ibi tí igi ti le, ó ń dún kó, kó. Nígbà tó dé pákó ìdí, ó ń dún bù, bù. Fáṣínà yọ ọ̀bẹ pélébé kan, ó fi ṣóńṣó rẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ ihò tí wọ́n fi de ẹ̀rọ àtijọ́. Kò lo agbára kankan, ọ̀bẹ náà sì wọlé títí dé èkù.

"Súbérù, wá wo nǹkan."

"Ọ̀dà ni mo rí, ẹ̀gbọ́n. Ó ṣì ń dán."

"Ọ̀dà ń dán, igi ti kú. Ojú ihò irin ni omi gbà wọlé. Wọ́n wá fi ọ̀dà bo igi tó tutù, omi ò ríbi jáde mọ́, ló bá ń jẹ ẹ́ nínú. Ẹ̀rọ àtijọ́ kò wúwo, pákó yìí lè máa gbé e pẹ̀lú sùúrù. Èyí tó o lọ rà yìí, agbára rẹ̀ tó mẹ́ta tàtijọ́. Kó tó ti ọkọ̀ síwájú, pákó ìdí ni yóò kọ́kọ́ ti."

"Kí wá ni ṣíṣe?"

"Ká yọ ọ́. N ó fi ìrókò tó nípọn jù ú lọ ní ìlọ́po méjì rọ́pò, n ó sì fi apá igi méjì gbè é lẹ́yìn, kó rọ̀ mọ́ igi ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin ni."

Súbérù wo àtẹ́lẹwọ́ pupa náà. Ìka márààrún ṣì hàn ketekete, àtàǹpàkò tẹ̀ síta díẹ̀ bó ṣe máa ń tẹ̀ nígbà tí Ṣàkírátù bá di agbọ̀n mú.

"Ẹ má fi ayùn kan ọwọ́ yẹn, ẹ̀gbọ́n."

Fáṣínà ti ọ̀bẹ rẹ̀ bọ àpò. "Mo gbọ́. N ó gé ibi tí ọwọ́ wà jáde, n ó fá etí rẹ̀ kó jọ̀lọ̀, o ó gbé e kọ́ sára ògiri yàrá rẹ. Omi ò ní débẹ̀, o ó sì máa rí i láràárọ̀."

"Inú ọkọ̀ ló tẹ̀ ẹ́ sí. Inú ọkọ̀ ni yóò wà. Mo fẹ́ kó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo bá ń gbé ọmọ rẹ̀ bọ̀ wálé."

"À ń pe gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹyẹ àkókó ń yọjú!" Inú ti ń bí Fáṣínà. "Ta ni gbẹ́nàgbẹ́nà nínú àwa méjèèjì? Ó dáa, tí o kò bá fẹ́ yọ ọ́, gbé ẹ̀rọ àtijọ́ padà síbẹ̀, kó o máa rọra lọ. Má kó ẹrù mọ́ èèyàn. Má so etí aṣọ òrùlé mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, jẹ́ kó ṣí, kí ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ lè ríbi fò jáde. Kí gbogbo ẹni tó bá wọ̀ ọ́ sì ní ẹ̀wù tó ń léfòó, èyí tí wọ́n ń pè ní jilé."

"Níbo ni mo ti fẹ́ rí jilé?"

"Níbi tó o ti rí ọ̀dà."

Fáṣínà ṣe ìjókòó méjì, ó ri igi òrùlé mọ́ ọn, ó sì kó irinṣẹ́ rẹ̀. Kó tó lọ, ó so akèrègbè ńlá mẹ́rin sábẹ́ ìjókòó, méjì méjì lórí okùn kan, gbogbo rẹ̀ ló fi ìda oyin dí lẹ́nu. Súbérù kò rán an níṣẹ́ yẹn. Kò tilẹ̀ bi í léèrè ohun tó wà fún.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, Bonaventure mẹkaníìkì dé láti Àjàṣẹ́ láti wá de ẹ̀rọ tuntun mọ́ ọkọ̀. Bó ṣe ń lu ihò, ó rí i pé eruku igi tó ń jáde dúdú, ó sì tutù. Ó dáwọ́ dúró.

"Bàbá, ṣé wọ́n ti yẹ igi yìí wò?"

"Fáṣínà ti Pobè ti yẹ̀ ẹ́ wò," ni Súbérù dáhùn.

"Tó bá ti jẹ́ Fáṣínà, ó parí." Bonaventure fi irin pẹlẹbẹ kan gba ẹ̀yìn pákó, ó de ẹ̀rọ pinpin, ó sì lọ.

Ṣé irọ́ ni Súbérù pa? Fáṣínà kúkú yẹ̀ ẹ́ wò lóòótọ́. Ohun tí Fáṣínà rí ni kò sọ. Ẹ̀yin èèyàn mi, òótọ́ tí a bá gé ìdajì rẹ̀ pamọ́ burú ju irọ́ lọ, nítorí pé ẹni tó gbọ́ ọ yóò fi ara tì í. Súbérù kun ọkọ̀ náà tinú tòde, ó sì kun yí àtẹ́lẹwọ́ ká láìjẹ́ kí ọ̀dà kàn án. Àwọn ará èbúté ń kan sáárá sí i pé ọkọ̀ ti di ọmọge. Ó tún fi okùn so etí aṣọ òrùlé mọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kó lè gún régé, kí òjò má sì pa ọmọ.

Bí a ṣe dé Àlàmísì tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nìyẹn.

Nígbà tí Súbérù ń lọ, òun nìkan ló wà nínú ọkọ̀, ẹ̀rọ náà sì ń gbé e bí ẹní ń fò. Ó rí omi díẹ̀ lẹ́sẹ̀ ara rẹ̀, ó ní òjò àná ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá àtẹ́lẹwọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, bí ẹni pé ẹlòmíì jókòó síbẹ̀. "O ò rí i? A ti ń lọ mú un." Oòrùn kò tíì mú tó fi gúnlẹ̀. Ràúdátù sáré wá sétí omi, ó kúnlẹ̀, ó sì gbé Àdìó lé e lọ́wọ́. Ọmọ náà di irùngbọ̀n rẹ̀ mú, kò fi í sílẹ̀. Súbérù sunkún níwájú gbogbo èèyàn, kò sì tijú.

Wọ́n di ẹrù. Ṣùáíbù gbé àpò ìrẹsì kan àti agbọ̀n ẹja méjì wá fún sàráà àdúà, ó sì tún fi àpò iyọ̀ kan lé e. Ìdí ọkọ̀ wọ omi ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣùáíbù ló kọ́kọ́ rí i.

"Bàbá, omi ń kóra jọ lábẹ́ ẹ̀rọ o. Ṣé ká sọ àpò iyọ̀ yìí kalẹ̀?"

"Má dààmú, ọmọ mi. Ẹ̀rọ tuntun ló ń ta omi sókè. Fáṣínà ti yẹ ọkọ̀ yìí wò."

Ẹ̀ẹ̀kejì ìdajì òótọ́ rèé. Ta ni yóò bá àna rẹ̀ jiyàn? Ṣùáíbù jókòó sábẹ́ òrùlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀, ó sì ń fi ike gbọ́n omi láìsọ̀rọ̀ mọ́.

Nígbà tí wọ́n dé àárín odò, níbi tí omi ti ń sáré gan-an, ìtì igi kan tí àgbàrá ń gbé bọ̀ yọ níwájú wọn. Súbérù fún ẹ̀rọ ní gbogbo agbára rẹ̀ kó lè yà fún un. Pákó ìdí ọkọ̀ ké, ó tún ké. Ṣùáíbù yíjú padà. Kó tó la ẹnu, ẹ̀rọ ti fa ìdajì ìsàlẹ̀ pákó náà ya, ó sì gbé e lọ sísàlẹ̀ odò. Wémè gba ẹ̀yìn wọlé. Súbérù tó jókòó síta bọ́ sómi, ó rí iwájú ọkọ̀ tó yọ sókè, ó sì rọ̀ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n aṣọ òrùlé tó so mọ́ ẹ̀gbẹ́ bo àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ bí àwọ̀n ṣe ń bo ẹja. Ó ń gbọ́ igbe wọn, kò sì lè débẹ̀. Eyín ni Ṣùáíbù fi já okùn igun kan. Ó ti Ràúdátù jáde, ó na ọmọ sí i. Akèrègbè méjì tó já kúrò lábẹ́ ìjókòó léfòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin náà, ó gba okùn wọn mú, ó sì gbé Àdìó lé orí wọn. Ó ń pe orúkọ ọkọ rẹ̀. Aṣọ òrùlé mì lẹ́ẹ̀kan, ó tún mì lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́yìn náà kò mì mọ́.

Àwọn apẹja ló kó àwọn mẹ́ta wá sí èbúté. Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ tí wọn ìbá fi ṣe àdúà Ṣàkírátù, òkú Ṣùáíbù ni wọ́n wẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹrin, jàǹdáámù, ìyẹn ọlọ́pàá ìjọba, dé láti wádìí ọ̀rọ̀. Bonaventure ní òun béèrè nípa igi, Bàbá sì sọ fún òun pé Fáṣínà ti yẹ̀ ẹ́ wò. Kíá, wọ́n ránṣẹ́ sí Pobè. Bí Fáṣínà ṣe sọ̀ kalẹ̀ lára ọkọ̀ akẹ́rù ni àwọn ará èbúté bẹ̀rẹ̀ sí í pòṣé. Ẹnì kan tilẹ̀ ké pé, "Apànìyàn!" Fáṣínà wo Súbérù, ó ń retí.

Súbérù lè dákẹ́ náà. Ẹnu òun nìkan ló kù tó mọ bó ṣe jẹ́, yàtọ̀ sí ti Fáṣínà tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ gbọ́. Ràúdátù jókòó lórí ẹní nítòsí, ó da aṣọ opó borí, ọmọ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí Súbérù bá sọ òótọ́, yóò pàdánù ọmọ yìí. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ dájú. Ó dìde.

"Ẹ má fọwọ́ kan Fáṣínà. Ó fi ọ̀bẹ gún igi náà níṣojú mi, ó wọlé dé èkù. Ó ní ká yọ ọ́, mo ní rárá. Ó ní kí n má so òrùlé, mo so ó. Ó ní kí n ra jilé, n kò rà á. Akèrègbè tó gba ọmọ mi là, òun ló so ó. Nítorí ọwọ́ Ṣàkírátù ni n kò ṣe jẹ́ kí wọ́n yọ pákó. Èmi ni mo ṣe é."

Ràúdátù gbé ojú sókè, ojú rẹ̀ gbẹ.

"Bàbá mi," ló wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ púpọ̀, "ìyá mi ti kú tẹ́lẹ̀. Ṣùáíbù kò tíì kú nígbà yẹn."

Ó sọdá padà lọ ṣe opó oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá nílé ọkọ rẹ̀. Ọkọ̀ àjẹ̀ ló gbé e, tòun tọmọ, nínú oòrùn, láti àárọ̀ dalẹ́.

Adájọ́ ní Àjàṣẹ́ rán Súbérù lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà. Fáṣínà nìkan ló wá wò ó níbẹ̀. Ó mú búrẹ́dì wá, ó jókòó tì í, kò sì bá a sọ̀rọ̀ ọkọ̀ rárá. Nígbà tí Súbérù jáde, àwọn apẹja fún un ní ohun tí wọ́n rí nínú esùsú: ìdajì òkè pákó ìdí ọkọ̀ rẹ̀. Ọwọ́ pupa náà ṣì wà lára rẹ̀, ìka márààrún, kò sí èyí tó parẹ́. Lábẹ́ àwọn ìka náà, igi ti jẹrà dúdú, ó ń rún bí àkàrà ìjẹta. Ohun tó ń ṣọ́ nìyẹn, òun ló sì kù sí i lọ́wọ́. Ìgbẹ̀yìn ní í yé olókùú àdá.

Kò gbé e lọ sílé. Òun àti Fáṣínà kàn án mọ́ òpó ní èbúté, wọ́n sì fi okùn so ọ̀bẹ pélébé kan mọ́ ọn. Ní gbogbo ọjọ́ tí ọkọ̀ ń ṣí, Súbérù a ti Sakété wá, a jókòó sábẹ́ òpó náà lóun nìkan. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ẹ̀rọ tuntun dé, a na ọ̀bẹ sí i. "Gún igi tèmi yìí kó o mọ bó ṣe ń rí. Wá lọ gún tìrẹ." Àwọn kan ń gún un. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín. Bó bá ti sọ tán, a kọjú sí odò, a máa wo òdìkejì. Títí di ọjọ́ tí mò ń kọ èyí, Ràúdátù kò tíì wá. Abọ́ méjì ṣì ni Súbérù ń bu ògì sí.

Ìwọ tó o ní ọkọ̀ ojú omi tó ti pẹ́, tó o sì fẹ́ sọ ọ́ di tuntun, má ti orí ọ̀dà bẹ̀rẹ̀. Ti ìdí bẹ̀rẹ̀. Kan igi wò, gún un wò, pàápàá níbi tí irin ti gba inú rẹ̀ kọjá. Béèrè lọ́wọ́ oníṣẹ́ bóyá pákó rẹ lè gbé ẹ̀rọ tó o fẹ́ kọ́ sí i. Jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ òrùlé ṣí. Wá jilé fún gbogbo ẹni tó bá wọ̀ ọ́, bí o kò bá sì rí i, akèrègbè tí a dí lẹ́nu dára ju ọwọ́ òfìfo lọ. Bí èrò ọkọ̀ bá béèrè lọ́wọ́ rẹ pé kí ni oníṣẹ́ sọ, sọ gbogbo rẹ̀ fún un, má ṣẹ́ ìdajì kù. Ìwọ èrò náà, bí o bá rí omi nínú ọkọ̀, má tijú àna, má tijú àgbà. Sọ̀ kalẹ̀.

Bí olólùfẹ́ rẹ bá ti kú, tó fi ohun kan sílẹ̀ fún ọ, gbé e kọ́ sára ògiri. Má gbé e kọ́ sí ibi tí ẹ̀mí alààyè rọ̀ mọ́. Mú ọ̀bẹ kékeré kan lónìí, kó o lọ sí ìdí ọkọ̀ rẹ. Bí ọ̀bẹ bá wọlé, yọ pákó náà kúrò, ohun yòówù kó wà lára rẹ̀. Ẹni tó o fẹ́ lọ gbé wálé ṣì wà láàyè.